Ọ̀jọ̀gbọ́n Saburi Biobaku: Ta Ni Ó Sọ Ọ́ Fún Ọ?

Ẹ̀kọ́ wa lónìí dá lórí Ọ̀jọ̀gbọ́n Saburi Ọládẹ̀ni Biobaku. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ ọ́n sí ọ̀gá àgbà Yunifásítì Èkó láyé ọjọ́un. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ ju ti ipò lọ: bí ó ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ wò kí ó tó pè é ní ìtàn.

Ìdílé Mùsùlùmí ní Abẹ́òkúta ni a bí i sí ní ọdún 1918. Láyé ìgbà náà, àwọn ìjọ Kristẹni ni ó ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀rù sì ń ba ọ̀pọ̀ òbí Mùsùlùmí láti fi ọmọ síbẹ̀. Ẹ̀rù náà kì í ṣe lásán: Yusufu a wọlé, Joseph a jáde. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Ogbè ni Biobaku ti bẹ̀rẹ̀ ìwé. Saburi ni ó wọlé, Saburi náà ni ó jáde, orúkọ yìí ni ó sì fi ka ìwé ní Government College, Ìbàdàn, ní Higher College, Yábàá, àti ní Exeter àti Cambridge nílùú Òyìnbó.

Ní 1951, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì London. Ìtàn àwọn Ẹ̀gbá, àwọn ará ilé rẹ̀, ni ó fi gbà á, ìwé rẹ̀, The Egba and Their Neighbours, sì jáde ní 1957. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ Òyìnbó gbà pé ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀ kò ní ìtàn. Biobaku mú àkọsílẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn míṣọ́nnárì lọ́wọ́ kan, ó mú ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà lọ́wọ́ kejì, ó ń fi ọ̀kan dán èkejì wò. Òun náà ni ó darí ètò ìwádìí ìtàn Yorùbá ní àárín àwọn ọdún 1950. Nínú Sources of Yoruba History, tí ó ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1973, a rí oríkì, ẹsẹ ifá, ère àti ohun tí a wú nínú ilẹ̀. Ẹnìkan lè bi wá pé kí ló kan Mùsùlùmí nínú ifá? Ẹ̀rí ni ó ń wá níbẹ̀, kì í ṣe ìsìn. Adájọ́ a máa gbọ́ ẹnu ẹlẹ́rìí láì di ara ilé rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó lẹ́sẹ̀ Alfa mọ ọ̀nà yìí. Súra Al-Hujurat, ẹsẹ kẹfà, pa á láṣẹ pé kí a wádìí ìròyìn tí ẹni tí kò ṣeé gbọ́kàn lé bá mú wá. Imam Bukhari kì í gba hádíìsì nítorí pé ó dùn létí. A bèèrè ẹni tí ó sọ ọ́, ẹni tí ó gbọ́ ọ, bóyá àwọn méjèèjì tilẹ̀ pàdé rí, àti bóyá olóòótọ́ ni wọ́n. Ìtàn ìdílé kò ní isnad tí ó le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá gan-an rè é. Ọ̀pọ̀ wa fẹ́ràn ìtàn pé Odùduwà ọmọ Lámúrúdu ti Mẹ́kà wá, a sì máa ń fi í ṣe ìwúrí níbi wáàsí. Ó wà nínú ìwé Samuel Johnson tí a tẹ̀ ní 1921, ṣùgbọ́n Johnson fúnra rẹ̀ kò gbà pé Mẹ́kà ni. Biobaku náà, nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní 1955, tọ́ka sí apá òkè Íjíbítì àti Meroe. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò fara mọ́ èyí pẹ̀lú, nítorí ẹ̀rí rẹ̀ kò tó. Egungun ènìyàn tí a wú ní Ìhò Eléérú, nítòsí Ìsàrun, ní 1965, ti lé ní 10,000 ọdún. Ènìyàn ti ń gbé ilẹ̀ yìí tipẹ́. Àwa kò rí ìtìjú kankan níbẹ̀. Ìgbàgbọ́ wa kò dúró lórí pé kí Odùduwà jẹ́ ará Mẹ́kà.

Ní 1965 yẹn náà ni a yàn án sí ipò ọ̀gá àgbà ní Èkó, dípò Ọ̀jọ̀gbọ́n Eni Njoku. Àwọn kan ní ẹ̀yà ni a fi yàn án, yunifásítì sì dàrú. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ọ̀bẹ gún un. Ọlọ́hun dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1971. (Inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá fún sùúrù ni orúkọ Saburi ti jáde.) A kò ní dá ẹjọ́ ìyànsípò náà níhìn-ín. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá a, kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ẹnu apá méjèèjì.

Àwọn Ẹ̀gbá fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n fi í jẹ Baapìtàn. Lẹ́yìn tí ó ti fẹ̀yìn tì, ó kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀: When We Were Young jáde ní 1992, èkejì tẹ̀lé e ní 1999. Ó kú ní 2001. Kí Ọlọ́hun forí jì í.

Iṣẹ́ oṣù yìí: kí olúkúlùkù lọ bá àgbà méjì, láti ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó bèèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe Imam ní àdúgbò rẹ̀ àti ẹni tí ó fún wọn ní ilẹ̀ mọ́sáláásí. Kí ẹ bi wọ́n lẹ́nu ta ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Bí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì bá takora, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe tún un ṣe. Ẹ mú ìwé náà wá sí àsàlátù.