Àpótí Ìmọ̀: Iṣẹ́ Ojoojúmọ́ Nínú Ìpàdé Kánsù

Nígbà tí Òfin Ìjọba Ìbílẹ̀ ti ọdún 1952 fìdí múlẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí àwọn káńsílọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn olóyè jókòó yí tábìlì kan ká, tí ọba, aláṣẹ èkejì òrìṣà, sì jẹ́ ààrẹ kánsù ní ọ̀pọ̀ ìlú, ìgbìmọ̀ tí àwọn baba wa ti ń ṣe láti ayébáyé wá gba ọ̀nà tuntun.

Nínú ìpàdé kánsù, àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá ni akọ̀wé kọ́kọ́ ń kà. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, a ó tún un ṣe, ẹnìkan á dábàá pé kí a gbà á wọlé, ẹlòmíràn á kín in lẹ́yìn, alága á sì fọwọ́ sí i. Èyí ni mo kà sí òpó tó gbé ilé ró.

Lẹ́yìn náà ni ìwé ẹ̀bẹ̀ á kàn: bí àwọn aláṣọ bá ní òrùlé ìsọ̀ àwọn ń jò, a ó gbọ́ tẹnu wolewole àti ti ẹni tó ń gba owó ìsọ̀ pẹ̀lú, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Títí di òní, Òfin Orílẹ̀-Èdè ti 1999 ṣì fi ọjà, ibùdókọ̀, ibi ìpẹran, itẹ́ òkú àti pàǹtírí sí ìkáwọ́ kánsù, títí kan ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́ àti ọmọlanke.