Ta Ni Yóò Máa Tọ́jú Rẹ̀?

Láti ọdún 1982 tí wọ́n ti dá yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè sílẹ̀, ọ̀dọ́ kò wọ́n níbẹ̀. Bí àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà nínú wọn, pẹ̀lú àwọn ojúgbà wọn láti Ìjẹ̀bú-Igbó àti Ogun Waterside, bá fẹ́ ṣe ìkànnì fún ẹgbẹ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n má kọ́kọ́ wo irinṣẹ́ tó rẹwà jù. Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn ni pé: ta ni yóò máa tọ́jú ìkànnì náà nígbà tí ẹni tó ṣe é bá lọ ṣe àgùnbánirọ̀?

Ọ̀rọ̀ Drupal 7, ọ̀kan nínú àwọn irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ìkànnì, yẹ kó kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Ọdún 2011 ló jáde. Ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 2025, àtúnṣe ààbò tí àwọn tó ń ṣe é ń fi ránṣẹ́ dópin. Ìkànnì tí kò lẹ́ni tí yóò gbé e kúrò níbẹ̀ di ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

MediaWiki, tó gbé Wikipedia Yorùbá ró, dára fún àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ pa pọ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹgbẹ́ kékeré, WordPress ló sàn jù, nítorí ẹni tó mọ̀ ọ́n pọ̀ nílé lóko. Kí àfikún orí rẹ̀ má pọ̀ o! Ibẹ̀ gan-an ni olè sábà máa ń gbà wọlé.

Kí wọ́n fi ẹ̀dà ìkànnì náà pamọ́ síbòmíràn, kí wọ́n sì dán an wò bóyá ó ṣeé lò. Owó orúkọ ìkànnì, tí wọ́n ń san lọ́dọọdún, kò gbọdọ̀ wà lórí káàdì ẹnì kan ṣoṣo.