Ọgbà Ewéko Ìlú Gẹ́gẹ́ Bí Iyàrá Ẹ̀kọ́ Yorùbá: Àyẹ̀wò Ọgbà Agodi ní Ìbàdàn

Ìfáárà
Yorùbá a máa fi igi sọ ibùgbé lórúkọ. Ìdí-Àpẹ́ wà ní Ìlọrin, Ìdí-Àràbà wà ní Èkó, Ìdí-Ìrókò sì wà ní ẹnubodè Nàìjíríà àti Benin. Lójoojúmọ́ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń pe irú orúkọ bẹ́ẹ̀ láìlè tọ́ka sí igi tí ó bí i. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ọgbà ewéko ìlú lè so orúkọ pọ̀ mọ́ igi, bí olùkọ́ bá mọ̀ ọ́n lò. Ọgbà Agodi ní Ìbàdàn ni a fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ìtàn Ọgbà Náà
Ní ọdún 1967 ni a dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọgbà ẹranko àti ewéko. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, omíyalé Ògùnpa ṣẹlẹ̀. Òjò ọjọ́ náà pọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n pàǹtí tí a ń dà sódò àti ilé tí a kọ́ sí bèbè rẹ̀ kò jẹ́ kí omi rí ọ̀nà lọ. Ẹ̀mí ṣòfò, dúkìá bàjẹ́, àgbàrá sì gbé ẹranko inú ọgbà lọ. Ọdún 2012 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe rẹ̀, a sì tún un ṣí ní ọdún 2014. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ògiri nìkan kò lè dáàbò bo ọgbà. Ìwà àwọn ará ìlú sí odò wọn wà lára ìtọ́jú rẹ̀.

Ohun Tí Ó Ń Fa Àlejò
Ọgbà náà tó éékà 150. Igi ńláńlá ń ṣíji bo ilẹ̀, adágún omi wà níbẹ̀, ibi ìlúwẹ̀ẹ́ àti ibi ìṣeré ọmọdé sì wà pẹ̀lú. Àwọn ẹbí a máa gbé oúnjẹ lọ jẹ lábẹ́ igi. Fàájì yìí dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó sábẹ́ igi láìmọ orúkọ rẹ̀ kò tíì mú gbogbo èrè ibẹ̀ lọ sílé.

Ìlò Rẹ̀ fún Olùkọ́
Olùkọ́ tí ó wà ní Ìlọrin kò ní láti dúró de ìrìn-àjò Ìbàdàn. Ààlà igbó àti ọ̀dàn ni Ìlọrin wà. Igi emi àti irúgbá kò ṣàjèjì níbẹ̀. Ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìlọrin, tí a dá sílẹ̀ ní 1985, sì ń gba àwọn ọmọ ilé-ìwé lálejò. Kí ìbẹ̀wò tó wáyé, kí akẹ́kọ̀ọ́ gba orúkọ igi lẹ́nu àwọn àgbà ilé rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ bí ẹ̀ka-èdè tirẹ̀ ṣe ń pè é. Nínú ọgbà, kí ó ṣàpèjúwe èèpo, ewé àti èso. Lẹ́yìn èyí, kí kíláàsì jíròrò ìlò wọn: ewé akòko fún ìwúyè, òrí láti ara emi, irú láti ara irúgbá.

Ìkádìí
Ìròyìn kò tó àfojúbà. Bí igi bá kú tí orúkọ rẹ̀ sì kù, ọ̀rọ̀ lásán ni yóò dà lẹ́nu ọmọ. Ọwọ́ olùkọ́ ni àtúnṣe wà.