Bí A Ti Lè Mú Èpò Kúrò Nínú Pápá Koríko Láì Pa Koríko Náà Lára

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, púpọ̀ nínú yín li ó ní pápá koríko ní iwájú ilé, tàbí ní àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́, tàbí ní àyíká ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó bá ti rí bí òjò oṣù Òkúdù ti í wọ́ erùpẹ̀ kúrò ní ìdí ilé tí àgbàlá rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbalaja, títí ìpìlẹ̀ ilé fi hàn síta, kì yóò sọ pé ọ̀ṣọ́ lásán ni koríko. Koríko tí ó dì mọ́ ilẹ̀ ni ó ń di erùpẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n bí èpò bá bò ó mọ́lẹ̀, ejò a rí ibùba, ẹ̀gún a sì máa gún àwọn ọmọdé tí kò wọ bàtà. Àwọn kan a máa sọ pẹ̀lú pé inú igbó ni ẹ̀fọn ti ń bí. Èyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀: nínú omi tí ó dúró ni ẹ̀fọn ń yé ẹyin rẹ̀ sí, ìbáà ṣe nínú agolo tàbí kòtò, ìsinmi lásán ni ó ń wá lọ sínú èpò tútù.

Koríko tí a sábà ń gbìn ni èyí tí a ń pè ní Bahama. Ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ń nà lọ lórí ilẹ̀, ó sì ń nà lọ lábẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú, gbòǹgbò a sì máa yọ ní oríkèé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Oòrùn ni oúnjẹ rẹ̀. Lábẹ́ igi máńgòrò kì í pẹ́ kú, èpò a sì gba ipò rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fa èpò níbẹ̀ láti ọdún dé ọdún, asán ni ó ń ṣe. Ẹ gé díẹ̀ nínú ẹ̀ka igi náà, tàbí kí ẹ gbin koríko eléwé fífẹ̀ tí ó lè fara da ibòòji.

Ó yẹ kí a mọ ìdí rẹ̀ tí èpò fi ń hù. Àìmọye èso wẹ́wẹ́ ni ó wà nínú ilẹ̀, tí wọ́n ń dúró de ìmọ́lẹ̀. Níbi tí koríko bá nípọn, ìmọ́lẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ púpọ̀ nínú wọn. Níbi tí ó bá pá, wọn a hù. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi ọkọ́ ha ilẹ̀ láti mú èpò kúrò, òun gan-an ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún èpò tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Èmi pẹ̀lú ti jẹ nínú àṣìṣe yìí. Ní àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a fi sí ìkáwọ́ mi, mo pàṣẹ pé kí a fi ọkọ́ ro gbogbo pápá náà kí àlejò tó dé. Ó mọ́ lójú fún ọ̀sẹ̀ kan. Kí òjò tó dáwọ́ dúró li ọdún náà, imí-eṣú ti gba ìdajì rẹ̀, ọ̀gbàrá sì ti la ọ̀nà gba ìdajì kejì kọjá.

Ọwọ́ ni irin-iṣẹ́ tí ó dára jù fún pápá kékeré. Ẹ fà á li ọjọ́ kejì òjò, nígbà tí ilẹ̀ rọ̀, kí ó sì jẹ́ kí òdòdó rẹ̀ tó yọ. Oṣépòtu ní gbòǹgbò kan tí ó lọ tààrà sí ìsàlẹ̀. Bí ó bá já, yóò tún rú, nítorí náà ẹ ti ọ̀bẹ ẹlẹ́nu ṣóńṣó bọ̀ ọ́ li ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì tú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Patanmọ́, tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn láti fi ọwọ́ kàn kí ó lè pa ewé rẹ̀ dé, ẹlẹ́gùn-ún ni. Ẹ fi aṣọ nípọn di ọwọ́. Èso rẹ̀ a máa wà láàyè nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ó so rárá. Gbẹ́gi, tí ó tẹ́ mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àdá fi ń gba orí rẹ̀ kọjá, fẹ́ràn ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ le. Bí ẹ bá rí i ní ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà, ẹ tú ilẹ̀ ibẹ̀ kí ó rọ̀, kí ẹ sì fi òkúta ṣe ọ̀nà fún wọn.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó burú jù ni ìbátan ọ̀fìọ̀ nì, tí ọmú abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ dúdú tí ó sì korò. Ẹ yí igi rẹ̀ láàárín ìka méjì: ẹ ó mọ̀ pé ó ní igun mẹ́ta. Àwọn ọmú rẹ̀ so mọ́ ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ nínú okùn. Bí a bá fa ewé, okùn a já, èyí tí ó kù nínú ilẹ̀ a sì hu ewé mìíràn. Níbi tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ náà tó ìwọ̀n ìka mẹ́jọ sí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì ṣa gbogbo ọmú náà sínú agbọ̀n. Níbi tí ó bá ti tàn kálẹ̀, ẹ máa fa ewé rẹ̀ li ọ̀sẹ̀ méjì-méjì láìsinmi, nítorí ewé ni ó ń bọ́ ọmú. Bí kò bá rí ewé, agbára rẹ̀ yóò máa dínkù. Iṣẹ́ oṣù púpọ̀ ni. Ẹ la ojú omi bí ilẹ̀ bá ń rọ̀ jù, ẹ má sì ṣe gba erùpẹ̀ láti ibi tí èpò yìí wà.

Iyọ̀, karosíìnì àti òróró ọkọ̀ tí a ti lò kò yẹ ní pápá rárá: wọn a pa koríko pọ̀ mọ́ èpò, wọn a sì ba ilẹ̀ jẹ́.

Ní ti gígé, ẹ má ṣe gé koríko Bahama títí ilẹ̀ yóò fi hàn. Ìwọ̀n ìka méjì ni kí ó ga lẹ́yìn tí a bá gé e, kí a má sì ṣe gé ju ìdámẹ́ta gíga rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Ní àkókò òjò, èyí fẹ́ gígé li ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Làǹgàlàǹgà ṣe é, bí ó bá mú dáadáa. Èyí tí ó kú a máa fa koríko tu.

Gbogbo ojú ihò tí ẹ bá fa èpò kúrò nínú rẹ̀ ni kí ẹ dí. Láti oṣù Igbe títí dé Òkúdù, ẹ tú díẹ̀ níbi tí koríko ti nípọn, kí ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, oríkèé méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì gbìn ín ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ méjì síra wọn. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí òjò kò bá rọ̀, ẹ bomi rin ín.

Àwọn oògùn tí ń pa èpò wà. A wá èyí tí a ń pè ní 2,4-D rí ní Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà nígbà ogun ọdún 1939 sí 1945. A máa pa èpò eléwé gbọọrọ, a sì máa dá koríko sí. Kì í pa gbẹ́gi. Ẹ má ṣe fi sí koríko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, ẹ má sì ṣe fọ́n ọn nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, nítorí yóò ba tòmátò, ata àti òwú aládùúgbò jẹ́. Glyphosate ń pa èpò àti koríko bákan náà. Paraquat ni kí ẹ bẹ̀rù jù: ẹnu kan ṣoṣo lè pa àgbàlagbà, kò sì sí ẹ̀rọ̀ kan tí a mọ̀ fún un. Àjọ NAFDAC ti fi òfin dè é ní Nàìjíríà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Bí ẹ bá rí i nínú ilé, ẹ má jẹ́ kí ó wà nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kí ọmọ má bàa mu ún.

Nígbà ọyẹ́, koríko Bahama a pọ́n bí ẹni pé ó ti kú. Kò kú. Ẹ má ṣe sun ún, ẹ má sì ṣe ha á. Ẹ fi í sílẹ̀ títí òjò méjì tàbí mẹ́ta yóò fi rọ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà. Nígbà náà ni ẹ ó rí èpò kéékèèké tí ó kọ́kọ́ yọ láàárín rẹ̀, tí ìka méjì tó láti fà.