Àpótí Ìmọ̀: Èdè Ìpàdé ní Rakuten
Ní ọdún 2010, Hiroshi Mikitani, olùdásílẹ̀ Rakuten, iléeṣẹ́ ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Japan, kéde pé kí ọdún méjì tó pé, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò máa fi ṣiṣẹ́. Ìdí wà níbẹ̀: lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n ra iléeṣẹ́ ní Amẹ́ríkà àti Faransé. Ṣùgbọ́n ẹ ro ti ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ dunjú, tí ahọ́n rẹ̀ wá wúwo níwájú àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀. Ìtìjú yẹn kò kéré, pàápàá nígbà tí ẹni tó bá kùnà nínú ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní TOEIC lè pàdánù ipò. Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó ẹ̀kọ́ èdè náà fún àwọn òṣìṣẹ́, ó sì yọ̀ǹda àkókò iṣẹ́ fún ẹ̀kọ́ náà. Ìyẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe.