Ẹ Fi Fóònù Sílẹ̀ Nílé

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń múra WAEC, ọ̀rọ̀ fóònù yìí ti sú mi. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ o. Bí wọ́n bá ká a mọ́ yín lápò nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, gbogbo èsì yín ni wọ́n lè wọ́gi lé, kì í ṣe ti iṣẹ́ ọjọ́ náà nìkan.

Mo ṣọ́ ìdánwò títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ tó gbé mágòmágó wọlé kì í pẹ́ hàn: ojú rẹ̀ kì í kúrò lára olùṣọ́, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa lọ síbi ìbàdí. Expo tí wọ́n ń tà lórí WhatsApp ńkọ́? Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kì í bá ìbéèrè mu, owó sì ti lọ.

Láti SS1 ni kẹ́ ẹ ti wá ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá. Ẹ máa dáhùn ìbéèrè kan lálaalẹ́, ẹ má tíì ṣí ẹ̀yìn ìwé wò. Ibi tó bá ta kókó, ẹ gbé e tọ tíṣà lọ láàárọ̀, ẹ kọ́kọ́ kí i dáadáa. Ọ̀pọ̀ tíṣà ló ń wá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tì.

Òbí tó bá sì fẹ́ sanwó expo fún yín, ẹ dákun, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi ra ìwé.