Àkọ́jìká Tàbí Àpọ̀nsẹ́yìn: Báàgì Wo Ni Ká Rà?

Ní ìpàdé tó kọjá, nígbà tí akápò ka iye owó tó wà lọ́wọ́ wa, a fẹnu kò pé ẹgbẹ́ yóò ra báàgì mẹ́fà tí a ó máa fi kó ìwé àti aṣọ eré lọ sí òde ìdíje. Ibi tí a ti pín sí méjì ni irú báàgì tí a ó rà. Àwọn kan ní kó jẹ́ èyí olókùn kan tí a ń gbé kọ́ èjìká. Àwọn yòókù ní àfi olókùn méjì tí a ń gbé sẹ́yìn. Ariwo pọ̀ débi pé alága ní kí n lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà wò, kí n sì kọ ọ́ bí ẹ̀kọ́ sínú ìwé ìròyìn wa. Ẹni tó bá ń wò ó pé kí ló wà nínú ọ̀rọ̀ báàgì, kó lọ bi ọmọ JSS2 kan ní yàrá wa. Nọ́ọ̀sì ti ní kó má fi èjìká òsì rẹ̀ gbé ohunkóhun fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ká tó dé orí owó, ẹ jẹ́ ká dé orí èdè ná, torí ẹgbẹ́ Yorùbá ni wá. Gẹ̀ẹ́sì lè fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo sọ pé ènìyàn gbé ẹrù, ibi yòówù kí ẹrù náà wà lára. Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹrù bá wà lórí, a rù ú. Bó bá wà lẹ́yìn, tí a sì dì í mọ́ra, a pọ̀n ọ́n. Bó bá wà lábẹ́ abíyá, a há a. Bó bá fi sísàlẹ̀ láti èjìká tàbí láti apá, a gbé e kọ́. Bó bá jẹ́ ọwọ́ nìkan ló dì í mú, a mú un dání. Bí ẹnì kan bá ní ìyá ru ọmọ rẹ̀ lọ sí ọjà, ẹ̀rín la ó fi í rín. Bó bá sì ní òun pọ̀n igi ìdáná wálé, a ó bi í pé ṣé igi náà ń sunkún ni.

Ohun tí mo rí nínú èyí ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan ti sọ ibi tí ìwúwo ẹrù ń bọ́ sí lára. Ìdí nìyẹn tí mo fi dábàá orúkọ méjì tó wà lókè àròkọ yìí: báàgì àkọ́jìká fún olókùn kan, báàgì àpọ̀nsẹ́yìn fún olókùn méjì. Ẹni tó bá ní orúkọ tó dára ju èyí lọ, kó mú un wá.

Ẹ má sì jẹ́ kí ohùn ṣì yín lọ́nà o. Àpò, dò-dò, ni ohun tí à ń kó nǹkan sí. Apó, re-mí, ni ọdẹ àti jagunjagun ń kó ọfà sí. Àpò tún jẹ́ orúkọ owó: igba náírà ni àwọn àgbà ń pè ní àpò kan títí di òní, ẹ tẹ́tí sí wọn bí wọ́n bá ń nájà. Ọ̀kẹ́ ńkọ́? Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 owó ẹyọ, ẹrù odindi ènìyàn kan sì ni. Orí ni wọ́n fi ń rù ú. Kò sí ẹni tí yóò gbé ọ̀kẹ́ kọ́ èjìká kan kó máa lọ.

Àwọn wo wá ni àwọn baba wa ń rí pẹ̀lú àpò lórí èjìká? Mo jókòó, mo ro ó, mo rí i pé iṣẹ́ kan náà ló pa gbogbo wọn pọ̀. Ọdẹ ń gbé àpò kọ́ èjìká nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ní láti débẹ̀ kíá. Adóṣù Ṣàngó ń gbé làbà kọ́ èjìká, àpò aláwọ tí wọ́n ń kó ẹdùn àrá sí. Onílù ń fi ọ̀já tó fẹ̀ gbé ìyáàlù kọ́ èjìká, torí ọwọ́ kan ń lù ú, èkejì ń fún awọ ọṣán rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn tó ń gba owó ọkọ̀ ní gáréèjì lónìí, pẹ̀lú báàgì kékeré tó gba àyà wọn kọjá. Nǹkan tí ọwọ́ ń dé ní ìgbà gbogbo ni àwọn wọ̀nyí ń gbé, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wúwo.

Ọmọ ni ti ẹ̀yìn. Ó wúwo, ọ̀nà jìn, a kò sì nílò láti mú nǹkan kan jáde lára rẹ̀ títí a ó fi délé. Wọ́n ní ọmọ tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Èmi wò ó pé ìyá tó pọ̀n ọn pàápàá kò mọ jíjìn ọ̀nà tó bí ìgbà tó bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí kan, torí ọ̀já ti pín ìwúwo náà yí ara rẹ̀ ká.

Àwọn aládùúgbò wa kan wà tó yàtọ̀ sí wa nínú èyí. Bí ẹ bá gba ọ̀nà Àbújá láti Lọ́kọ́jà, bí ẹ bá ti ń súnmọ́ Àbújá, ẹ lè rí obìnrin Gbagyi, àwọn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Gwari, pẹ̀lú igbá tàbí igi ìdáná lórí èjìká kan. Wọn kì í fi orí rù ú, nítorí pé orí ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀ lójú wọn. Ẹnì kan nínú wa gbé èyí dìde ní ìpàdé pé, ṣé ẹ rí i, èjìká kan náà ni wọ́n ń lò, kò sì pa wọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ, orí èjìká gan-an ni ẹrù ọ̀hún sì jókòó lé, nítòsí ọrùn. Kì í fi sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí kó máa gbá itan bí báàgì wa.

Ó dáa, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ara ẹni tó gbé báàgì kọ́ èjìká kan? Ẹ dìde, ẹ gbé korobá omi kan sí ọwọ́ ọ̀tún, kí ẹ wo ara yín nínú díńgí. Ara yóò tẹ̀ sí òsì fúnra rẹ̀ kó má baà ṣubú, iṣan ẹ̀gbẹ́ òsì ọ̀pá ẹ̀yìn yóò sì máa fà láìsinmi. Èjìká tí okùn wà yóò gbé ara rẹ̀ sókè kí okùn má baà yọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, láti ilé oorun dé kíláàsì, láti kíláàsì dé yàrá ìjẹun, dé ibi ìkàwé alẹ́, ìyẹn ni wàhálà. Ẹ̀yin SS1 tí ẹ ń kọ́ físíìsì mọ̀ pé bí okùn bá ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó ni yóò ṣe máa gún ara tó, bí ẹrù kò tilẹ̀ yí padà.

A wọn báàgì ọmọ JSS2 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan: kílò 7 ni. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ kílò 40. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, American Academy of Pediatrics, ní kí báàgì ọmọ ilé-ìwé má ju ìdá 10 sí 20 nínú 100 ìwúwo ọmọ náà lọ. Fún ọmọ yìí, kílò 4 sí 8 nìyẹn. Nítorí náà báàgì rẹ̀ wúwo, ṣùgbọ́n kò tíì kọjá òpin. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé báàgì àpọ̀nsẹ́yìn ni o, olókùn méjì! Okùn kan ṣoṣo ló ń lò, lórí èjìká òsì, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń ṣe kí wọ́n lè sọ pé a gbáfẹ́. Àwọn dókítà kan náà ní kí a máa lo okùn méjèèjì. Ẹni tó ra àpọ̀nsẹ́yìn tó wá ń gbé e kọ́ èjìká kan, owó àpọ̀nsẹ́yìn ló san, ìrora àkọ́jìká ló rà.

Àpẹẹrẹ kan wà láti òkè òkun tó bá àríyànjiyàn wa mu gan-an. Olùkọ́ eré ìdárayá wa ló sọ ọ́ fún mi nígbà tó rí wa tí a ń ju àwo ike sí ara wa lórí pápá. Eré kan wà tí wọ́n ń pè ní disc golf. Ó jọ gọ́ọ̀fù, ṣùgbọ́n kò sí igi, kò sí bọ́ọ̀lù. Àwo ike pẹlẹbẹ ni wọ́n ń jù, apẹ̀rẹ̀ irin tí wọ́n so ẹ̀wọ̀n mọ́ ni wọ́n sì ń jù ú sí. Ní California, ní 1975, ni Ed Headrick ti ṣe pápá rẹ̀ àkọ́kọ́ tí kò sí fún ọjọ́ kan péré; òun náà ló dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe eré náà sílẹ̀ ní 1976, èyí tí wọ́n ń pè ní PDGA. Apẹ̀rẹ̀ 18 ló sábà máa ń wà nínú pápá kan, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń lọ láti ọ̀kan dé èkejì.

Ẹ lè ní, báàgì ti jẹ́ níbẹ̀, ṣebí àwo kan ni. Rárá o. Àwo tó ń lọ jìnnà yàtọ̀, èyí tó ń dé àárín yàtọ̀, èyí tí wọ́n fi ń kan apẹ̀rẹ̀ tún yàtọ̀. Àwo kan lè tó gíráàmù 175. Mẹ́jọ wọn kò tó kílò kan àtààbọ̀, àkọ́jìká kékeré sì tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ogún àwo di kílò mẹ́ta àtààbọ̀, fi omi lítà kan àtààbọ̀ kún un, ó di kílò márùn-ún. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń sá lọ bá àpọ̀nsẹ́yìn.

Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀ fún wọn, torí pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ju àwo ni wọ́n ń ṣí báàgì. Àkọ́jìká rọrùn fún ìyẹn: ọwọ́ kàn wọ inú rẹ̀ ni. Àpọ̀nsẹ́yìn ní láti sọ̀kalẹ̀ kó tún gòkè. Àwọn tó ń ṣe báàgì wọn wá fi àpò kékeré sí òkè àpọ̀nsẹ́yìn fún àwo tí wọ́n ń lò jù. Àwọn mìíràn sì ń ta okùn méjì tí a lè so mọ́ àkọ́jìká kó lè di ohun tí a ń pọ̀n. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn. Wọn kò béèrè èwo ló dára jù. Wọ́n béèrè pé: báwo ló ṣe wúwo tó, ẹ̀ẹ̀melòó ni a ó sì ṣí i?

Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè méjì yẹn wo ẹrù tiwa. Aṣọ eré, ìyẹn agbádá, ìró, fìlà àti bàtà, wúwo díẹ̀, a kì í sì í ṣí i títí a ó fi dé òde. Ìwé ìtàn àti ìwé eré-oníṣe wúwo gan-an, ẹ̀ẹ̀kan náà la sì ń kó wọn jáde. Ẹrù ẹ̀yìn ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìwé orúkọ, bíírò, owó ọkọ̀ àti fóònù olùkọ́ tó bá mú wa lọ, ìgbà gbogbo la ń wá wọn. Ìlù kò sí nínú ìṣirò, òun fúnra rẹ̀ ló ń gun èjìká onílù. Bẹ́ẹ̀ ni Òkè Patti tí a máa ń gùn ní ìparí táàmù: ẹni tó bá gbé omi àti oúnjẹ nílò ọwọ́ méjèèjì láti di òkúta mú, nítorí náà àpọ̀nsẹ́yìn ni. Kìkì pé nínú oòrùn Lọ́kọ́jà, ẹ̀yìn yóò rin fún òógùn. Kò sí ohun tí a lè ṣe sí ìyẹn.

Àléébù àpọ̀nsẹ́yìn tó ń dùn mí jù kọ́ ni òógùn. A kì í rí ẹ̀yìn ara wa. Ẹ mọ̀ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí ló dé tó fi jẹ́ àgbà mìíràn ni yóò tún orí ọmọ náà ṣe? Torí pé ìyá tó pọ̀n ọn kò rí i ni. Báàgì kò ní àgbà tí yóò bá a tún síìpù rẹ̀ ṣe, ní gáréèjì sì rèé, ẹni tó rí síìpù tó ṣí lè má jẹ́ àgbà rere. Nínú èrò, ẹ gbé e wá síwájú àyà, kí ẹ má sì fi owó sí àpò ìta rẹ̀ láé.

Nítorí náà, àbá tèmi ni àpọ̀nsẹ́yìn mẹ́rin àti àkọ́jìká méjì, kí okùn àkọ́jìká náà gùn tó láti gba àyà kọjá. Bí owó kò bá tó, kí a dín àkọ́jìká kù. Bí a bá dé ọjà Kpata, ẹ má wo àwòrán ara báàgì kọ́kọ́. Ẹ fa okùn níbi tí wọ́n ti rán an mọ́ báàgì, ibẹ̀ ló máa ń já. Ẹ wò ó bóyá okùn náà fẹ̀, tó sì ní fóòmù. Bí kò bá ní, aránbàtà lè fi kún un. Ẹ ṣí síìpù ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Bí a bá sì ń di ẹrù, kí ìwé tó wúwo jù súnmọ́ ẹ̀yìn, kí a fa okùn méjèèjì le kí báàgì má baà sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí.

Iṣẹ́ fún ìpàdé ọjọ́ Ẹtì: kí olúkúlùkù mú báàgì rẹ̀ wá bó ṣe ń gbé e lójoojúmọ́, láìyọ ohunkóhun kúrò. Òṣùwọ̀n yóò wà nílẹ̀. Ẹ̀yin tó wá láti Kàbbà, Ìsánlú àti Mọ̀pà, àti ẹ̀yin ọmọ Oworo, ẹ bi àwọn òbí yín lórí fóònù ní ọjọ́ Àìkú bí wọ́n ṣe ń pe rírù, pípọ̀n, híhá àti gbígbé kọ́ nílé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, akọ̀wé yóò gbà á lọ́wọ́ yín kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í dìbò lórí báàgì.